Bí Funfun bá ta e4: ẹ là mí lọ́nà lórí Caro-Kann àti àwọn pàkúté rẹ̀

Àkànmú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Nínú eré chess, tí mo bá di Dúdú mú, e5 ni mo máa ń fi dáhùn e4, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ níbẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi. Mo fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan tó dúró ṣinṣin, tí ọba mi ò ní tètè wà ní gbangba. Caro-Kann ni mo yàn, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ tí Dúdú ti ń fi c6 dáhùn e4. Ẹ̀ka wo ni kí n kọ́kọ́ mú? Pàkúté wo ló ń pa Dúdú níbẹ̀? Ṣé Dúdú náà ní èyí tó lè dẹ? Wákàtí mẹ́rin péré ni mo ní lọ́sẹ̀.

Àjàní:
Àbúrò, mọ ìdí tí a fi ń ta c6 ná. (Fún ẹni tí kò mọ àmì wa: N ni ẹṣin, B bíṣọ́ọ̀bù, Q ayaba, R rúùkù; ibi tí kò sí lẹ́tà ńlá, pọ́ọ̀nù ni. x ni jíjẹ, + ni ìkọlù sí ọba, O-O ni fífi ọba pamọ́ lápá ọba. Àmì ... ṣáájú ìta ni pé Dúdú ló ta á; ! ni ìta tó dára, ? ni àṣìṣe.) 1.e4 c6 2.d4 d5. Pọ́ọ̀nù c6 ló ti d5 lẹ́yìn. Bí Funfun bá jẹ d5, pọ́ọ̀nù la ó fi jẹ ẹ́ padà, ayaba wa ò ní jáde kí ẹṣin wá máa lé e kiri. Èkejì ni bíṣọ́ọ̀bù c8. Nínú French, ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn tí Dúdú ń ta sí e4, e6 ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta, e6 yẹn a sì ti bíṣọ́ọ̀bù mọ́lé. Tiwa a máa jáde sí f5 tàbí g4 kí a tó ta e6. Bí o bá gbàgbé gbogbo ìyókù, má gbàgbé ìyẹn.

Lórí 3.Nc3, mú èyí: 3...dxe4 4.Nxe4 Nf6 5.Nxf6+ exf6. Lẹ́yìn náà Bd6, O-O, Re8. Kò sí nǹkan púpọ̀ láti há sórí. Bí ó bá ta 6.c3 Bd6 7.Bd3 O-O 8.Qc2, tí ó ń wo h7, 8...Re8+ 9.Ne2 h5 ni àwọn ọ̀ta ń ta báyìí. Pọ́ọ̀nù yẹn fẹ́ máa lọ sí h4 àti h3 láti da ibi tí Funfun fẹ́ fi ọba rẹ̀ pamọ́ sí rú.

Ohun tí o máa san fún un ni pọ́ọ̀nù méjì tó jókòó léra lórí f. Funfun ní pọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́ta lápá ayaba, ó lè fi wọ́n bí èyí tó máa di ayaba. Mẹ́rin tìrẹ lápá ọba kò lè tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, má gbà kí gbogbo ọmọ tán títí tí yóò fi ku ọba àti pọ́ọ̀nù nìkan.

Àbẹ̀kẹ́:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Àjàní, àmọ́ pàkúté ni Àkànmú béèrè, ó sì yẹ kó rí wọn kedere.

Bí o bá ta 4...Nd7 dípò Nf6, ṣọ́ra fún 5.Qe2. Ta 5...Ngf6 láìwò, 6.Nd6 ni, ọba kú. Pọ́ọ̀nù e7 ò lè jẹ ẹṣin náà torí pé ayaba e2 ti kàn án mọ́ ọba. 5...Ndf6 ni kí o ta. Nínú ẹ̀ka yẹn náà ni Deep Blue, kọ̀ǹpútà IBM, ti na Kasparov, ògbóǹtarìgì ọ̀ta chess, ní New York, ní 11 May 1997: 5.Ng5 Ngf6 6.Bd3 e6 7.N1f3, Kasparov ta 7...h6 kó tó ta Bd6, kọ̀ǹpútà fi ẹṣin jẹ e6. Ìta 19 péré ni eré náà gbà.

Èyí tó ń mú èèyàn jù kò ní d4 nínú rárá: 2.Nc3 d5 3.Nf3. Ó jọ ohun tí a mọ̀, ọwọ́ á kàn máa lọ fúnra rẹ̀: 3...dxe4 4.Nxe4 Bf5? 5.Ng3 Bg6 6.h4 h6 7.Ne5! Bh7 8.Qh5! Ayaba àti ẹṣin jọ ń wo f7. O ta 8...g6, Funfun dáhùn pẹ̀lú 9.Bc4! Jẹ ayaba báyìí, 10.Bxf7 ló kàn, ọba kú: ẹṣin e5 ló ti bíṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn, òun náà ló dí ojú d7. Bí o kò bá jẹ ẹ́, 9...e6 10.Qe2, bíṣọ́ọ̀bù h7 rẹ ti há sẹ́yìn g6. Ìdí ni pé ẹṣin Funfun ti wà lórí f3 ṣáájú. Bí d4 bá wà níbẹ̀ tí ẹṣin ṣì wà lórí g1, 7.Nf3 lásán ni yóò ta, o ó sì ráyè fi 7...Nd7 ṣọ́ e5.

3...Bg4 ni oògùn rẹ̀. 4.h3 Bxf3 5.Qxf3 e6, ara tu ọ́.

Àkànmú:
Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Àwọn tó ń ta 3.e5 ńkọ́? Àwọn ni mo ń bá pàdé jù.

Àrẹ̀mú:
3...Bf5. Bí ó bá ta 4.h4, má ta e6! 4...e6? 5.g4 Be4 6.f3 Bg6 7.h5, bíṣọ́ọ̀bù ti kú nìyẹn. 4...h5 ni kí o fi dá g4 dúró. Bí ó bá ta 4.Nf3, e6 dára, 5.Be2 c5. C5 yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi falẹ̀, torí láìsí i, àyè á há mọ́ ọ, ẹṣin rẹ ò ní ríbi rìn.

Ọ̀pẹ púpọ̀ máa ń ta 4.Bd3. Inú mi máa ń dùn sí i: 4...Bxd3 5.Qxd3 e6 6.Nf3 Qa5+ 7.c3 Qa6. Bí ó bá pààrọ̀ ayaba, ẹṣin rẹ á jáde sí a6. Bí ó bá gbé ayaba rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà a6 sí f1, kò ní lè fi ọba pamọ́ lápá ọba.

Lórí 3.exd5 cxd5: bí ó bá jẹ́ 4.Bd3 Nc6 5.c3, ta 5...Qc7, kí Bf4 má ṣeé ṣe. Bí ó bá jẹ́ 4.c4, Nf6 5.Nc3 e6.

Pàkúté tìrẹ wà lórí 3.f3: 3...dxe4 4.fxe4 e5! Bí ó bá jẹ 5.dxe5??, Qh4+ 6.g3 Qxe4+, rúùkù h1 ti di tìrẹ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ta 5.Nf3. Níbẹ̀, 5...Bg4, lẹ́yìn 6.Bc4, Nd7. Má bá ojúkòkòrò jẹ d4 lójú ẹsẹ̀, torí Bc4 ń bọ̀, f7 sì ṣí sílẹ̀.

Wákàtí mẹ́rin rẹ: lo méjì fún 3.e5, torí òun ni o ń bá pàdé, kí o fi ọ̀kan ta ẹ̀ka Bọ̀dá Àjàní pẹ̀lú ẹnìkan lórí pátákó. Wákàtí tó kù, kó àwọn eré tí o pàdánù jáde, kí o wá ìta àkọ́kọ́ tó yàtọ̀ sí èyí tí o kọ́.

Àjàní:
Àkànmú kò tíì béèrè ohun tí yóò ṣe bí Funfun bá kọ́kọ́ ta d4, ṣùgbọ́n yóò béèrè. 1.d4 d5 2.c4 c6, ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Slav nìyẹn. Pọ́ọ̀nù c6 àti d5 kan náà ni, bíṣọ́ọ̀bù kan náà la sì ń wá ọ̀nà fún.