Jẹ́sì àwọn tó ti kúrò ní Manchester United ló kún ṣọ́ọ̀bù mi: ẹ̀bi kóòṣì ni àbí ti àwọn tó ń náwó?

Ìyá Jẹ́sì Ìdúmọ̀tà:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀yin ọmọ Arsenal, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, òjò fẹ́ wọlé sí òkè ṣọ́ọ̀bù mi, ni mo bá sọ àwọn àpò Ghana-must-go tó wà níbẹ̀ kalẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti tú wọn wò. Ẹ wá wo ẹrù! Jẹ́sì Rashford 10, mọ́kànlá. Antony 21, mẹ́sàn-án, eku sì ti jẹ apá ọ̀kan nínú wọn. Sancho 25, mẹ́fà. McTominay 39, méjì. Gbogbo ẹ̀ tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo fọ́tò òkú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń wo bọ́ọ̀lù, bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù, ẹ ó pariwo, ẹ ó sùn, ilẹ̀ á mọ́. Ní tèmi, owó ọjà mi ló lọ yẹn. Bàbá kan mú ọmọ ẹ̀ wá lóṣù tó kọjá, ọmọ náà ò lè ju ọdún mẹ́jọ lọ. Bàbá ti ná Rashford, a ti gbà fún ara wa, mo ti ń wá ọ̀rá tí n ó fi dì í. Ọmọ fa bàbá ẹ̀ láṣọ: "Daddy, ìyẹn ti lọ Barcelona. Cunha ló ń wọ 10 báyìí." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ kan. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù January 2020, United yá Ighalo wá láti Ṣáínà. Ọmọ Ajégúnlẹ̀! Kò sẹ́ni tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tí kò bèèrè Ighalo 25. Mo tẹ orúkọ ẹ̀ sí jẹ́sì ogójì. Kí March tó parí, kòrónà ti ti ọjà pa. Ẹ rántí góòlù tó gbá sílé ẹgbẹ́ LASK nínú oṣù yẹn, tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì jó bọ́ọ̀lù lókè kó tó yìn ín, tí bọ́ọ̀lù lu abẹ́ ọ̀pá òkè wọlé? Pápá ṣófo ni, wọn ò jẹ́ kí èrò wọlé. Àwọn jẹ́sì ẹ̀ náà wà nínú òkùnkùn ní Ìdúmọ̀tà. Nígbà tí Sancho dé ní 2021, òun náà wọ 25. Mo ka lẹ́tà orúkọ ẹ̀, mẹ́fà. Mo ka ti Ighalo, mẹ́fà. Mo ní Ọlọ́run ti dáhùn àdúrà. Mo tẹ́ bébà lé orúkọ náà, mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, mo rọra ń fi èékánná ṣí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo wá tẹ Sancho síbẹ̀. N ò fọwọ́ kan 25. Àbùkù kan ṣoṣo tó wà ńbẹ̀ ni pé bí oòrùn bá mú aṣọ yẹn dáadáa, ẹ ó rí Ighalo lábẹ́ Sancho bí àpá ilà. Àwọn mẹ́fà tó kù nìyẹn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá United bọ̀, ẹ má rò pé ọjà ló gbé mi débẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù May 1999 ni àṣekágbá Champions League, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n búra fún Ọbásanjọ́. Bayern ti gbá góòlù kan sílé wa láti ìṣẹ́jú kẹfà. Ó ku díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù parí, NEPA mú iná lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bú wọn, ó ní òun ń lọ sùn. Ni ariwo bá sọ lójúlé kejì, níbi tí wọ́n ti ní jẹnẹrétọ̀. A rò pé ìjà ni. Kí a tó sáré dé ojú fèrèsé wọn, ariwo kejì ti sọ. Sheringham, Solskjaer. Etí ni mo fi wo góòlù méjèèjì.

Ó yá, ìbéèrè mi rèé. Láti ìgbà tí Ferguson, kóòṣì wa àtijọ́, ti fẹ̀yìn tì ní 2013, Moyes dé, Van Gaal dé, Mourinho, Solskjaer, Ten Hag, Amorim. Ẹni tó bá ti dé, á ní ọjà tóun bá nílé kì í ṣe irú èyí tóun ń tà. Wọ́n á kó o dànù ní pọ́ọ́kú, wọ́n á tún fi owó gọbọi ra òmíì. Pogba lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2012. A fi mílíọ̀nù 89 pọ́n-ùn rà á padà ní 2016. Ó tún lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2022. Èmi obìnrin ọjà, tí mo bá ṣe irú òwò yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ìyá tó kọ́ mi lọ́jà á jí dìde. McTominay tí a tọ́ láti kékeré, a tà á fún Napoli ní August 2024. Ní May 2025 ó ti gba líìgì Ítálì, wọ́n tún ní òun ló dára jù nínú gbogbo wọn. Dean Henderson tí a tà fún Crystal Palace, ó mú pẹnáritì Man City ní àṣekágbá FA Cup 2025, Palace gbé ife lọ.

Ẹsẹ̀ tí kò mọ bọ́ọ̀lù í gbá lọ́dọ̀ wa, báwo ló ṣe ń mọ̀ ọ́n gbá tó bá dé ibòmíì? Ta ni ká bá wí?

Ọmọ Òkè-Pópó:

Ẹ káàsán mà, Ìyá wa. Mo gbìyànjú kí n má rẹ́rìn-ín. Kò ṣeé ṣe. Ighalo tó wà lábẹ́ Sancho yẹn ló pa mí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ tèmi. August 2021, Brentford na àwa Arsenal 2-0, Chelsea nà wá 2-0, City lù wá 5-0. Ìsàlẹ̀ tábìlì pátápátá la wà. Mo dìde nílé ìwòran kan ní Adéníji Adélé, mo ní bí wọn ò bá lé Arteta, kóòṣì wa, lọ́sẹ̀ yẹn, n ò ní san owó wọlé mọ́ láyé. Onílé ìwòran ní kí n kọ́kọ́ san gbèsè ìgbà mẹ́ta tó wà nílẹ̀. Àwọn tó ni Arsenal ò gbọ́ tèmi. Ọkùnrin yẹn ti ṣe ipò kẹjọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, wọ́n mójú kúrò. Sáà yẹn ó ṣe karùn-ún, lẹ́yìn ẹ̀ ó wá ṣe kejì, kejì, kejì.

Saliba ńkọ́? 2019 la rà á. Ó ń bá wọn gbá bọ́ọ̀lù kiri ní Faransé lórí ẹ̀yá, kò bá wa gbá líìgì kankan títí di August 2022. Ọ̀dọ̀ yín ni, ẹ̀ bá ti tà á fún Napoli. Saka 7 tí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ní 2020, kò tíì bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Èmi ò ní kóòṣì yín mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ ò jẹ́ kí ọbẹ̀ hó kẹ́ ẹ tó sọ̀ ọ́.

(Ká má parọ́, àwa náà ra Pépé ní mílíọ̀nù 72, ó sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó sì ṣe ipò kejì fún ọdún mẹ́ta, ẹ̀rín ẹ̀ kò yẹ kó pọ̀ jù. Mo mọ̀.)

Kóòṣì Campos:

Ẹ kú ọjà, Ìyá Jẹ́sì. N ò bá yín lọ délẹ̀ lórí eléyìí. Àwọn tó ń náwó jẹ̀bi, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n kóòṣì tó bá ìrẹsì nílé, tó ní iyán lòun fẹ́ gún ńkọ́?

Àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́ ní Campos, kò sí èyí tó ju ọdún mẹ́rìnlá lọ. Nígbà tí Amorim dé, mo rí bó ṣe ń to tiẹ̀: mẹ́ta lẹ́yìn, mẹ́rin láàárín, mẹ́ta níwájú. Ó wù mí, mo ní èmi náà á dán an wò. Ibi tó ti ń dunni ni àwọn méjì tó wà létí ìlà. Tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ wa, wíńgà ni wọ́n. Tó bá bọ́, kí wọ́n ti sáré padà wá di bẹ́ẹ̀kì kí ẹ tó ṣẹ́jú. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin lọ́rùn èèyàn méjì. Mo fi ọmọ kan tó mọ bọ́ọ̀lù jó síbẹ̀. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ó ti fọwọ́ mú ìbàdí, ó ń wò mí bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó. Àwọn ọmọ Lafíàjì rí i pé ẹ̀yìn ẹ̀ ṣófo, wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá bí ọkọ̀ lórí Third Mainland lóru Sunday. Wọ́n gbá márùn-ún wọlé, a ò rí ẹyọ kan dá padà. Lọ́sẹ̀ kejì mo dá èèyàn mẹ́rin padà sẹ́yìn, torí irú ọmọ tí mo ní nìyẹn.

Amorim ò dá a padà. Láàárín, èèyàn méjì ló fi ń pàdé mẹ́ta ti ẹlòmíì. Bruno, agbábọ́ọ̀lù yín tó yẹ kó wà nítòsí góòlù, ẹ̀yìn ló ń sá wá kó tó rí bọ́ọ̀lù fẹsẹ̀ kàn. Sáà yẹn parí, ipò 15, pọ́íǹtì 42. Àṣekágbá ife Europa League ní Bilbao, Tottenham tí òun náà ṣe ipò 17 ló nà yín. August 2025, Grimsby tó wà ní ìpele kẹrin lé yín jáde nínú ife Carabao, 12-11 ní pẹnáritì. Ṣé àwọn tó ń náwó ló tò wọ́n lọ́jọ́ Grimsby ni?

Ibi tí mo ti gbà fún yín ni pé kò sóhun tó ń tẹ́ olówó ẹgbẹ́ lọ́rùn mọ́. Kóòṣì Postecoglou gba ife Europa yẹn fún Tottenham, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi lé e.

Bàbá KGV:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà tó jókòó síwájú Oníkan dá sí i. Pápá tí ẹ̀ ń pè ní Mobolaji Johnson Arena lónìí, KGV, ìyẹn King George V, là ń pè é nígbà tiwa.

Ẹ ń sọ̀rọ̀ Ferguson bíi pé pẹ̀lú ife lọ́wọ́ ló sọ̀ kalẹ̀. November 1986 ló dé. Ife àkọ́kọ́ tó gbà, 1990 ni. Láàárín ìgbà yẹn ó ṣe ipò 11, ó ṣe 13. Ká ní ayé ẹ̀yin oní-fóònù yìí ló bọ́ sí, kò ní jẹ Kérésì kejì níbẹ̀.

Èmi, ẹgbẹ́ Stationery Stores ti Èkó ni mò ń tẹ̀lé. 1967 a gbé ife Challenge Cup, 1968 a tún gbé e, 1982, 1990, a wá gba líìgì ní 1992. Tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sẹ́sẹ̀ Haruna Ilerika, obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà á gbàgbé ṣéńjì oníbàárà lọ́wọ́. Peter Rufai, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, Stores ló ti ṣọ́lé kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Lónìí, Stores dà? Ẹ ń sunkún Rashford tó lọ Barcelona, ẹgbẹ́ tèmi odindi ló lọ.

Ikorodu City ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé yín ní Oníkan. Mélòó nínú yín ló ti wọlé lọ wò wọ́n rí? Ìyá Jẹ́sì, ìwọ gan-an, ṣé o ní ẹyọ kan tiwọn nínú ṣọ́ọ̀bù?

Ọmọ AJ:

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò sọ bóyá Ighalo tó jẹ́ Ighalo ṣì kù. XL ni mò ń wọ̀.

Ìyá Jẹ́sì Ìdúmọ̀tà:

Ẹ ṣé o. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ẹyọ kan ò sí. Láti ìgbà tí mo ti ń tajà, ẹni méjì péré ló ti bèèrè jẹ́sì Ikorodu City lọ́wọ́ mi, ọ̀kan sì fẹ́ kí n fún òun lọ́fẹ̀ẹ́ torí ọmọ Ìkòròdú lòun. Bí ẹ bá bá mi débẹ̀ ní Sunday, n ó bá yín wọlé. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ra ẹ̀pà.

Kóòṣì, ọ̀rọ̀ ìrẹsì yẹn wọ̀ mí lára. Mo ronú sí i mọ́jú. Lóòótọ́, ọjọ́ Grimsby, èmi náà bú ọkùnrin yẹn, mi ò bú olówó kankan. Àmọ́ ẹ dá mi lóhùn: ta ló mọ̀ pé iyán ló fẹ́ gún, tó tún gbà á síṣẹ́ sínú ilé tó jẹ́ ìrẹsì nìkan ló wà ńbẹ̀? Mẹ́ta lẹ́yìn ni Amorim fi gba líìgì ní Sporting, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ tẹ́lẹ̀, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tí mo bá gba télọ̀ tó jẹ́ agbádá nìkan ló mọ̀ ọ́n rán, tí mo wá kó síkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọléèwé lé e lọ́wọ́, tí síkẹ́ẹ̀tì náà wá gùn dé ilẹ̀, ẹjọ́ ẹ̀ kọ́ nìkan. N ó gbà fún yín pé ó yẹ kó gé e kúrú nígbà tó rí i pé àwọn ọmọ ń kọsẹ̀. Ibi tí mo lè bá a dé nìyẹn.

Ọmọ Òkè-Pópó, ìwọ lọ san gbèsè onílé ìwòran.

Ọmọ AJ, ó ku ẹyọ kan, XL ni. Wá lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn aago méjì, èrò ọjà á ti fúyẹ́. Má bá mi ná an o, ó ti di ohun ìrántí.

Ọmọ AJ:

Ẹ ṣé mà. Ẹ má bínú, kì í ṣe pé ẹ yọ Sancho kúrò lórí ẹ̀ o?

Ìyá Jẹ́sì Ìdúmọ̀tà:

Mú un jáde sínú oòrùn kó o tó sanwó.