Ẹ̀rí awọnlẹ̀ níwájú adájọ́ ní Ìkòròdú

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mo ń ṣe ní Ìkòròdú, ẹjọ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì pè mí sí gẹ́gẹ́ bí onímọ̀. Ìdílé méjì ló ń du ilẹ̀ kan lápá Ìjẹ̀dẹ́, kálukú pẹ̀lú plánù sọ́fè tirẹ̀, ìyẹn àwòrán tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn. Lọ́yà ọ̀kan ní kí n gbé plánù méjèèjì lé ara wọn, kí adájọ́ lè rí ibi tí wọ́n ti wọnú ara wọn.

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo padà sórí ilẹ̀. Mo wá òkúta ààlà kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣì dúró àti èyí tí katapílà ti hú dànù, mo kọ nọ́ńbà ara wọn sílẹ̀. Mo lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, olórí awọnlẹ̀ ìjọba, ní Alausa, mo lọ wo red copy, ìyẹn ẹ̀dà plánù tó wà lọ́dọ̀ ìjọba, torí plánù tó wà lọ́wọ́ ẹbí lè yàtọ̀ sí èyí tí ìjọba ní nípamọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìmúra wà. Ohun tí ẹ ò bá fojú ara yín rí lórí ilẹ̀, lọ́yà kejì á wá a kàn.

Lọ́yà tó pè mí fẹ́ kí n búra pé oníbàárà òun ló ni ilẹ̀ náà. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ibi tí ilẹ̀ wà ni mo lè sọ, n ò lè sọ ẹni tó ni ín." Abala 68 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gbà kí onímọ̀ sọ èrò rẹ̀ lórí iṣẹ́ tó mọ̀. Ìtàn ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, àgbà ẹbí ló ni ín. Inú lọ́yà náà ò dùn, ṣùgbọ́n ó fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìjókòó, ìbéèrè lọ́yà kejì ò jìnnà: "Ta ló sanwó fún ẹ?"

Mo ní, "Ìdílé tó pè mí ni, Olúwa mi. Owó ilẹ̀ wíwọ̀n ni."

Ẹ kíyè sí i: lọ́yà ló ń bi yín, adájọ́ lẹ ń dá lóhùn. Bírò ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Tí kò bá tíì kọ ọ̀rọ̀ kan tán, ẹ má tíì sọ òmíràn.

Lọ́yà náà tún na ìwé àdéhùn kan sí mi, ó ní ṣé ọwọ́ ẹni tó ta ilẹ̀ ló bu ọwọ́ lù ú. Mo ní awọnlẹ̀ ni mí, onímọ̀ ìkọ̀wé ni kí wọ́n bi.