Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nínú ṣọ́ọ̀kì iwájú

Ọlọ́kadà Ìbàdàn: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Síìlì ṣọ́ọ̀kì iwájú Boxer mi ń jò. Mẹkáníìkì kan pààrọ̀ rẹ̀, ó wá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì SAE 40 tó ṣẹ́kù nínú kẹ́ẹ̀gì sí i. Látìgbà náà, bí mo bá kó sí kòtò kékeré, ọwọ́ mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Àárọ̀ ló burú jù. Tó bá di ọ̀sán, á rọ̀ díẹ̀. Kí ló fà á?

Àgbà Mẹkáníìkì: Àbúrò, ọ́ìlì yẹn ki jù. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Ọ́ìlì ló ń dín eré sípíríǹgì kù, ihò tíntìntín ló sì ń gbà kọjá. Èyí tó ki kì í tètè kọjá, táyà ò ní ráyè gòkè, ọwọ́ rẹ ni gbogbo rẹ̀ á bá. Ní 40°C, SAE 40 tó bíi 140 cSt, ìyẹn ìwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ki tó. 10W, ọ́ìlì ti ṣọ́ọ̀kì, sábà máa ń wà ní bíi 30 sí 40. Ọ̀kan ẹ̀kọ, èkejì omi ògì! Òtútù àárọ̀ tún ń mú un ki sí i.

Ọmọ Ṣàkì: ATF pupa, ọ́ìlì gíá ọkọ̀ ọtomátíìkì, lèmi ń lò tí n kò bá rí 10W. Ẹ fa ti àtijọ́ dànù pátápátá, kí ẹ fi síríǹjì wọn tuntun kó dọ́gba lẹ́sẹ̀ méjèèjì.

Ọlọ́kadà Ìbàdàn: Mo ti ṣe é lánàá, ó ti rọ̀. Mẹkáníìkì yẹn tún ń bèèrè owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi o!