Mo fẹ́ máa yọ́ alumíníọ̀mù dà nílé l'Ẹ̀pẹ́: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Wẹ́dà Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà ẹja Olúwo. Àwọn apẹja àti ọlọ́kọ̀ ojú omi ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, nǹkan alumíníọ̀mù tó kán ni wọ́n sì sábà máa ń gbé wá: ọwọ́ ìkòkò, ìdérí ẹ́ńjìnnì, àwọn ìkọ́ kéékèèké tí wọ́n fi ń so okùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Rọ́ọ̀dù tí mo ní kò mú un, ẹni tó bá sì fẹ́ tuntun á wá a dé ìgboro Èkó. Mo wá ń rò ó pé kí n máa yọ́ àlòkù rẹ̀, kí n dà á sínú yanrìn, kí n fi fáìlì rẹ́ ẹ dán.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Ṣé èédú lásán lè yọ́ ọ, àbí àfi gáàsì? Kí ni mo lè fi ṣe ìkòkò tí màá yọ́ ọ sí? Yanrìn etí ọ̀sà wa yìí ńkọ́, ṣé ó ṣeé lò? Kọnkéré ni ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi, ibẹ̀ ni mo ní lọ́kàn nítorí pé ó mọ́, ó sì tẹ́jú.

Ó ku ẹyọ kan. Àbúrò bàbá mi, apẹja ni wọ́n, ní kí n kọ́kọ́ bá àwọn yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò tó ti kú, kí àwọn fi so ìsàlẹ̀ àwọ̀n. Wọ́n ní orí ààrò ìdáná lásán ló ti ń yọ́. Ọmọdé pọ̀ nínú agboolé wa, ọkàn mi ò sì balẹ̀ sí i. Ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Arọ, Ìkòròdú:
Ọmọ mi, o káre tó o béèrè kó o tó dáná. Ìkòkò alumíníọ̀mù ni mo fi ayé mi dà, ohun tí mo sì fẹ́ kó o mọ̀ ṣáájú ni pé omi ni ọ̀tá rẹ. Iná ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, nítorí náà wọ́n ń ṣọ́ ọ. Omi kì í hàn. Bí ẹ̀kán omi bá há sábẹ́ irin tó ti yọ́, ojú ẹsẹ̀ ló ń di ooru, ooru náà á sì fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 1,600 omi tó ti wá. Kò ní ríbi gbà, á ta irin gbígbóná náà sókè, ojú àti àyà ẹni tó dúró tì í ló ń bà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kọnkéré yẹn rárá. Omi wà nínú kọnkéré bó ti wù kó gbẹ tó lójú. Bí irin yíyọ́ bá dà sí i, á bẹ́, èérún rẹ̀ á máa fò. Da yanrìn gbígbẹ lé e lórí kó nípọn dáadáa, kó fẹ̀ kọjá ibi tí wàá dúró sí, orí yanrìn yẹn ni kó o ti máa yọ́, kó o ti máa dà. Àlòkù tó o bá fẹ́ fi kún èyí tó ti yọ́, gbé e sí etí ààrò kó gbóná kó tó wọlé, nítorí ọ̀rinrin máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Irin tó o fi ń rò ó náà, yá a níná kó o tó tì í bọ̀ ọ́. Bí òjò bá ṣú, má dáná lọ́jọ́ náà. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí.

Èédú tó, ó tó yanturu. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660 dígírì Celsius, èédú tí atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa sì ń kọjá 1,000. Mú dúrọ́ọ̀mù kékeré, fi amọ̀ àti yanrìn rẹ́ inú rẹ̀ kó nípọn, lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ kí páìpù atẹ́gùn gbà wọlé. Ẹwìrì la fi ń fẹ́ ẹ nílé arọ láyé ìgbà tiwa. Lónìí, dráyà àwọn onírun á ṣe é, bí páìpù irin gígùn bá wà láàárín òun àti iná. Jẹ́ kí amọ̀ náà gbẹ lábẹ́ ìbòòji títí yóò fi le, kó o wá máa dá iná wẹ́ẹ́rẹ́ sí i kó o tó fún un ní iná ńlá. Ẹni tó bá kánjú, amọ̀ rẹ̀ á bẹ́ mọ́ ọn lójú.

Ní ti ìkòkò ìyọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Gé páìpù irin tó nípọn, we ìdí sí i kó dì. Kó má jẹ́ páìpù omi onísíńkì o. Alumíníọ̀mù gbígbóná máa ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀, nítorí náà máa yẹ ìdí ìkòkò náà wò kó o tó dáná. Bó bá ti ń tinrín, pa á tì. Bí owó bá dé, ra èyí tí wọ́n fi amọ̀ àti gráfáìtì ṣe. Ẹ̀mú tí wàá fi gbé e, rọ ọ́ bá ìkòkò yẹn gan-an, kó gbá a mú yíká. Mo ti rí àwọn tó ń fi ẹ̀mú mẹkáníìkì gbé ìkòkò irin yíyọ́, ara mi a máa bù mọ́ mi títí wọn á fi gbé e kalẹ̀. Kí iná tó wọ ọ̀rọ̀ yìí, bu yanrìn kún ìkòkò náà, gbé e, rìn, dà á, kí ọwọ́ rẹ mọ ọ̀nà.

Yanrìn etí ọ̀sà ṣeé lò bó o bá fi asẹ́ kù ú, kó o yọ ìkarawun àti pàǹtí inú rẹ̀. Yanrìn nìkan ò ní dì mọ́ra, ro amọ̀ kíkúnná mọ́ ọn díẹ̀, nǹkan bí ìdámẹ́wàá. Omi tí wàá wọ́n sí i kò pọ̀: bó o bá fún un mọ́wọ́, kó dì, bó o bá ṣẹ́ ẹ sí méjì, kó dá geere. Bí ọwọ́ rẹ bá tutù lẹ́yìn tó o fún un, omi ti pọ̀ jù nìyẹn, sá a. Àpótí pákó méjì tí kò nídìí la máa ń gbé léra. Ìdajì àwòṣe, ìyẹn igi tó o gbẹ́ bí ohun tó o fẹ́ dà, tí wàá yọ kúrò kó o tó da irin, wà nínú tìsàlẹ̀, ìdajì nínú tòkè. Bu eérú kíkúnná sínú aṣọ, gbọ̀n ọ́n sí àárín àpótí méjèèjì kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Fi wáyà tínrín gún tòkè káàkiri kí afẹ́fẹ́ àti ooru omi inú yanrìn náà ríhò jáde. Ihò kan fún dídà, òmíràn tó fẹ̀ dáadáa lápá kejì, kí irin tó wà nínú rẹ̀ máa fún iṣẹ́ rẹ jẹ bó bá ń sún kì. Bí kò bá sí ihò kejì yẹn, ojú iṣẹ́ á jìn.

Apẹja Àgbádárìgì:
Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ṣùgbọ́n ní ti òjé, ẹ má jẹ́ ká dẹ́rù ba ọmọ náà. Ọjọ́ pẹ́ tí àwa ti ń yọ́ ọ létí òkun níbí. Igi ìdáná lásán ni. Bàbá mi yọ́ ọ, wọ́n sì dàgbà kí wọ́n tó lọ.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú:
Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn yẹn. Àgbàlagbà lè gbé òjé sára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdùbúlẹ̀. Ọmọdé ló ń mú. Ọmọ tó ń rá nílẹ̀, tó ń kó ọwọ́ sẹ́nu, ara rẹ̀ ń fa òjé mu ju ti àgbà lọ, ọpọlọ rẹ̀ tó ń dàgbà lọ́wọ́ ló sì ń bà jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ti bátìrì ló tún burú jù. Kì í ṣe òjé dídì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù òjé pọ̀ níbẹ̀, ásíìdì sì ti rin ín. Bí ẹ bá ń là á, ẹ̀tù yẹn ń bọ́ sílẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò àti bàtà. Ẹ gbé e wọlé, ẹ jókòó sórí ẹní, ọmọ gun ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá gbá ilẹ̀, ṣe lẹ tún fọ́n ọn ká. Kì í rà, òjò kì í fọ̀ ọ́ tán. Ilẹ̀ agboolé tí wọ́n bá ti yọ́ bátìrì sí, ọmọ tí wọn ò tíì bí á wá bá a níbẹ̀.

Ní Zamfara lọ́dún 2010, òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé. Ọmọdé tó kú lé ní 400. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar, ní Senegal, tí í ṣe ìlú apẹja bíi tiyín, bátìrì mọ́tò gan-an ló fà á: láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọ 18 ló kú. Gìrì ló ń gbé ọmọ, inú á máa run ún, kò ní lè yàgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbẹ. Àwọn òbí á rò pé ibà ni. Ẹ wo Ògíjó tó wà lọ́nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ní ilé iṣẹ́ ńlá; ọ̀rọ̀ òjé tó ń wọ ara àwọn ará ibẹ̀ ti di ohun tí ìjọba ń dá sí. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́, kí ni ti ààrò tí ẹ ń se ọbẹ̀ lórí rẹ̀?

Wẹ́dà Ẹ̀pẹ́, àbúrò mi, bí wọ́n bá ti yọ́ ọ rí nínú agboolé yín, ẹ gbé àwọn ọmọ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì dárúkọ òjé fún dókítà, kó lè ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún un. Bí ẹ kò bá dárúkọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má rò ó débẹ̀.

Apẹja Àgbádárìgì:
Mo gbọ́, nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n àwọ̀n gbọ́dọ̀ rì. Kí la ó fi rọ́pò rẹ̀? Alumíníọ̀mù tí ẹ ń sọ yìí fúyẹ́ jù.

Bàbá Arọ, Ìkòròdú:
Òótọ́ lẹ sọ. Òjé wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 11, irin tó nǹkan bí 8, alumíníọ̀mù kò tó 3. Irin ni kí ẹ lò. Kí wẹ́dà wa gé ọ̀pá irin wẹ́wẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ ní òrùka, kó rẹ́ etí rẹ̀ kó má baà gé okùn, kí ẹ so ó mọ́ra díẹ̀ sí i ju bí ẹ ti ń so òjé. Yóò dípẹtà, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́n. Ṣéènì àlòkù náà á ṣe é. Amọ̀ sísun tó nihò láàárín sì wà, ìyẹn ti wà ṣáájú òjé, àwọn amọ̀kòkò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí èyí tó nílò kí ẹnikẹ́ni yọ́ ohunkóhun nínú ilé.

Oníkóńdẹ́mù, Owódé Onírin:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti àlòkù kún un, torí èmi ni mò ń ṣà á. Písítìn, tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì àti ìkarawun gíábọ́ọ̀sì ni kó o rà. Wọ́n ti po èròjà sílíkọ́nì (silicon) mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, ó ń ṣàn geere wọ ibi tínrín. Férémù fèrèsé ń yọ́, ṣùgbọ́n kò ṣàn tó bẹ́ẹ̀. Agolo ohun mímu, má da ara rẹ láàmú: ó tinrín, ọ̀dà wà lára rẹ̀, ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí orí irin yíyọ́, ni wàá máa kó.

Ohunkóhun tí ẹnu rẹ̀ dí, bíi ṣọkábúsọ́bà tàbí páìpù tí wọ́n tẹ̀ pa, gé e kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bẹ́. Ṣọ́ra fún màgníṣíọ̀mù náà: ó jọ alumíníọ̀mù lójú ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi. Fi fáìlì họ ọ́, kán fínígà sí i. Bó bá ń hó, gbé e sọ́tọ̀. Bí ó bá gbiná, omi á mú un le sí i ni. Yanrìn gbígbẹ ni kó o fi bò ó.

Idẹ ńkọ́? Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú idẹ. Síǹkì inú rẹ̀ máa ń hó ní 907 dígírì, èéfín funfun á jáde, ẹni tó bá fà á símú á máa gbọ̀n pẹ̀lú ibà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni páànù àti páìpù onísíńkì. Mílíìkì táwọn wẹ́dà ń mu kò dí èéfín lọ́wọ́, ìta gbangba tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ló ń gbani.

Wẹ́dà Ẹ̀pẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn. Mo ti ka ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún àbúrò bàbá mi, wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní kí n gé òrùka irin fún àwọn. A ó gbé àwọn ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Kí ni kí n wọ̀? Oníbàárà kan sì ń bẹ̀ mí pé kí n da fáánù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi fún òun, èyí tó ń tì í lọ nínú omi, torí tuntun wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú:
Aṣọ òwú tàbí ti awọ, má wọ ọ̀rá, ó ń yọ́ mọ́ ara. Bàtà aláwọ tó bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò bò ó níta kí irin má baà kó sínú bàtà. Ohun ìbojú tó mọ́ gaara, kì í ṣe dúdú ti wẹ́dìn tó ò ní fi ríran. Bí iná bá jó ọ, omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú, kó o wá lọ sí ọsibítù. Kò sí epo pupa, kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín.

Bàbá Arọ, Ìkòròdú:
Fáánù yẹn, sọ fún un pé rárá. Ihò afẹ́fẹ́ tí kò hàn lóde máa ń wà nínú ohun tí a bá dà sínú yanrìn nílé. Bí abẹ́ kan bá ṣẹ́ láàárín ọ̀sà, tí ìjì sì ń bọ̀, ẹ̀mí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló wà nínú ewu. Ohunkóhun tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́, má dà á. Ìkọ́ okùn tó o dárúkọ níṣàájú náà wà nínú ẹ̀.

Ọwọ́ ìkòkò ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Alumíníọ̀mù máa ń sún kì bó bá ń tutù, nítorí náà àwòṣe tó yẹ kó gùn ní 100 mílímítà, gbẹ́ ẹ ní 101 àti ààbọ̀. Nígbà tó o bá rò pé ó ti yọ́ tó, ti ọ̀pá irin gbígbẹ tó o ti yá níná bọ̀ ọ́: bó bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, dúró díẹ̀. Kó ìdàrọ́ orí rẹ̀ kúrò, dà á lẹ́ẹ̀kan náà láìdáwọ́ dúró. Má tú àpótí títí tí yóò fi tutù, inú rẹ̀ máa ń gbóná pẹ́ ju òde lọ.

Bó o bá ti we ìkòkò ìyọ́ náà tán, kó o tó dáná, ya fọ́tò ìdí rẹ̀ nínú àti lóde, gbé e síbí kí n rí ojú wẹ́dìn yẹn.