Òkúta nínú ọ̀nà itọ́: ṣé dandan ni kí wọ́n yọ àpò itọ́ náà?

Ìyá Alámàlà, Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o. Oṣù mẹ́rin rèé tí abẹ́ párì mi lápá òsì ń wú tí oúnjẹ bá ti dé iwájú mi. Kí n tó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó ti le bí èkùrọ́. Tó bá di wákàtí kan, á rọ̀. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, eyín ni wọ́n ní ó fà á. Wọ́n yọ ọ̀kan, wíwú ò dáwọ́ dúró. Àwòrán ló wá fi òkúta hàn, mìlímítà 8. Dókítà ní àwọn máa gé abẹ́ párì, àwọn á yọ gbogbo àpò itọ́ náà, ìyẹn ibi tí itọ́ ẹnu ti ń wá. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ẹnu mi ò ní gbẹ? Ṣé kò sọ́nà míì?

Bàbá Télọ̀
Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ibo ni òkúta náà wà gan-an? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Abẹ́ ahọ́n níwájú ni tèmi wà ní 2019; bí mo bá fìka tẹ̀ ẹ́, á máa yí bíi hóró àgbàdo. Wọn ò kùn mí lóorun. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú, dókítà fi òwú ta kókó sẹ́yìn òkúta kó má baà sá padà sínú, ó la ọ̀nà itọ́ díẹ̀, ó tì í jáde. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú abọ́ irin: ko! Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Wọn ò rán ojú ibẹ̀ pa, kí itọ́ lè máa ṣàn. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi kú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí iṣan ìmọ̀lára kan gba ibẹ̀ kọjá. Ó ti padà bọ̀ sípò.

Abíkẹ́
Òkúta tèmi ò ju hóró ìrẹsì lọ. Omi, ọsàn wẹ́wẹ́ àti aṣọ gbígbóná ló lé e jáde.

Nọ́ọ̀sì Manchester
Ọsàn wẹ́wẹ́ ò lè lé mìlímítà 8 jáde, ìyá mi. Ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ní kámẹ́rà lórí, sialendoscopy. Ojú ihò itọ́ ló ń gbà wọlé, wọ́n á fi apẹ̀rẹ̀ wáyà kékeré gbá òkúta mú. Èyí tí kò ju mìlímítà 4 lọ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí tiyín, wọ́n á kọ́kọ́ fọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n bí ìka bá kàn án láti inú ẹnu, wọ́n sábà máa ń lè gba inú ẹnu yọ ọ́, kódà bó wà lẹ́yìn. Bó bá ti rì sínú àpò, tí ọyún ń padà wá ṣáá, yíyọ àpò ló kù. Ẹnu kì í sábà gbẹ, àwọn àpò yòókù ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi wọ́n nípa iṣan (nerve) tó ń darí ètè ìsàlẹ̀: kí wọ́n má baà pa á lára ni wọ́n ṣe ń gé awọ ara bí ìka méjì sísàlẹ̀ egungun párì. Bí ibà bá dé, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Ìyá Alámàlà, Ìbàdàn
Mo fọwọ́ mi mọ́, mo fìka wò ó. Ó wà lẹ́yìn pátápátá, ṣùgbọ́n mo kàn án. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa padà lọ. Màá ní kí dókítà náà fi ìka tirẹ̀ wò ó kó tó sọ ohunkóhun.