Èsì: “Sinimá dúdú” kọ́ o! Orúkọ iṣẹ́ àwọn tó ṣe Double Indemnity

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo kí gbogbo yín o. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láì dá sí i. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: ẹ̀gbọ́n wa tó máa ń kó àwọn olólùfẹ́ sinimá jọ lóṣooṣù n'Ibàdàn fẹ́ tẹ ìwé pélébé kan ní Yorùbá nípa Double Indemnity, fíìmù tí Paramount gbé jáde ní 1944. Wọ́n ní ká bá àwọn wá orúkọ fún irú fíìmù náà, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní film noir (fíìmù ìtàn ìwà ọ̀daràn tó ṣókùnkùn ni; noir sì ni “dúdú” lédè wọn), àti fún iṣẹ́ tí olúkúlùkù ṣe níbẹ̀. Àbá tiwọn nìyí: “sinimá dúdú” fún film noir, “olóòtú” fún Joseph Sistrom, “olóòtú” fún Doane Harrison, “ayàwòrán àgbà” fún John F. Seitz; “akọrin” fún Miklós Rózsa; “akọ̀wé” fún Billy Wilder, tó tún darí fíìmù náà, àti Raymond Chandler. Àbúrò wa kan ní London ní òun fara mọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Èmi ò fara mọ́ ìdajì rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú.

Ẹni tó bá gbọ́ “sinimá dúdú” lónìí, ohun méjì ló máa wá sí i lọ́kàn: fíìmù àwa èèyàn dúdú, tàbí fíìmù tí kò ní àwọ̀. Ti àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Ti èkejì, òótọ́ ni pé Double Indemnity kò ní àwọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà yẹn ni kò ní in, títí kan àwọn tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Èyí tó dùn mí jù ni pé dúdú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi lẹ́nu wa. Ẹ pe ọmọge ní adúmáadán kí ẹ wo bó ṣe máa rẹ́rìn-ín. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìwà ìkà, òkùnkùn ló ń lò: iṣẹ́ òkùnkùn, ẹgbẹ́ òkùnkùn. Noir tó wà lẹ́nu Faransé ń ru ẹrù tí dúdú tiwa kò rù rí.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé pé àwọn tó ṣe fíìmù náà kò pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun, àwọn ọmọ ogun Jámánì kò jẹ́ kí fíìmù Amẹ́ríkà wọ Faransé. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ni Nino Frank, aṣelámèyítọ́ kan ní Paris, bá fi film noir pe díẹ̀ nínú wọn ní 1946, èyí tí à ń wí yìí sì wà lára wọn. Ní 1945, ilé ìtẹ̀wé Gallimard ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé ìtàn ọ̀daràn kan tí wọ́n pè ní Série noire. Nítorí náà, kó tó di pé Frank sọ̀rọ̀, etí àwọn ará Paris ti mọ noir mọ́ ìtàn ẹni tó pààyàn nítorí owó. Etí tiwa ńkọ́? Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí wà lọ́wọ́ wa, kò sẹ́ni tó pè é ní ìwé dúdú. (Ẹni tó wá dábàá “sinimá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́” lánàá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n apànìyàn fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kí fíìmù yìí tó rìn jìnnà. Kí ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fẹ́ wá níbẹ̀?)

Ẹnì kan sọ “sinimá òkùnkùn”. Ó sún mọ́ ọn. Àmọ́ inú òkùnkùn ni ojú kì í ti í rí nǹkan kan. Nínú fíìmù yìí, ojú ń rí kedere. Nǹkan kan ló dábùú ìmọ́lẹ̀, tó wá ju àwòrán ara rẹ̀ sára ògiri. Òjìji nìyẹn. Kò sì sí òjìji níbi tí kò bá sí iná. Sinimá òjìji ni mo dábàá. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní bí wọ́n bá kọ ọ́ láì fi àmì ohùn sí i, àwọn èèyàn á kà á bí “lójijì”. Kí wọ́n fi àmì ohùn sí i! Kí la wá ń jọ jókòó ṣe níbí?

Iṣẹ́ Seitz ló jẹ́ kí n dúró lórí òjìji. Ẹ rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí Walter Neff, aṣojú ilé iṣẹ́ adójútòfò tí Fred MacMurray ṣe, wọ pálọ̀ ilé Dietrichson ní Los Angeles, ọkùnrin tí Neff àti ìyàwó ọkùnrin náà máa wá pa nítorí owó ìdójútòfò. Oòrùn ń ràn níta, ṣùgbọ́n wọ́n ti to nǹkan pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ dí ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ wá ń gba àárín wọn wọlé ní ìlà-ìlà. Eruku ń léfòó nínú rẹ̀. Kì í ṣe eruku gidi: lẹ́búlẹ́bú alumíníọ̀mù ni Seitz ní kí wọ́n fọ́n sínú afẹ́fẹ́ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìlà òjìji yẹn wá ń bọ́ sára aṣọ Neff bí irin ẹ̀wọ̀n, nígbà tí ọkùnrin náà kò tíì dá ọ̀ràn kankan.

Ṣé ẹni tó ṣe èyí lẹ fẹ́ pè ní ayàwòrán àgbà? Ayàwòrán tí a mọ̀ ni ẹni tó ń yà wá lóde ìnáwó, tó ń ní ká sún mọ́ra. “Àgbà” tí ẹ fi kún un kò tún un ṣe. Ó kàn dà bí ẹni tó ti pẹ́ nídìí fọ́tò ni. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀rọ máa ń wà. Ti Seitz ni láti pinnu ibi tí iná á tàn dé àti ibi tí kò ní dé. Afináyàwòrán ni kí ẹ pè é. Bí awakọ̀ ṣe ń wakọ̀ tí apẹja ń pẹja, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ló wà nínú orúkọ yẹn. Àbúrò wa ní London ní “afiná” dún bí ẹni tó fẹ́ sun ilé. Àbúrò mi, o ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Tí wọ́n bá ní wọ́n ti mú iná lọ ládùúgbò, ta ló ń ro ti iná ìdáná?

Ti olóòtú, ẹ̀bi ẹ̀gbọ́n kọ́. Èdè wa ló ti gbé orúkọ kan fún ẹni méjì: nínú ìwé ìròyìn, olóòtú ni ẹni tó ń tún iṣẹ́ àwọn oníròyìn ṣe, lára eré àgbéléwò, òun ni ẹni tó kó eré jọ. Bí ìwé pélébé bá wá kọ olóòtú lẹ́ẹ̀mejì, àwọn èèyàn á rò pé Sistrom àti Harrison jọ ṣe iṣẹ́ kan náà. Sistrom ni agbéréjáde. Òun ló tọ́ka Chandler sí Wilder. Harrison ni ẹni tó ń gé fíìmù tó sì ń so ó pọ̀, mo sì ní kí ẹ pè é ní agésopọ̀. Wọ́n ya ìran kan tí wọ́n ti fi gáàsì pa Neff lẹ́wọ̀n, tí Keyes, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ adójútòfò, ń wò ó. Ẹ ò lè rí i nínú fíìmù tó jáde. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ni ìtàn dúró sí, níbi tí Keyes ti ṣá ìṣáná sí sìgá Neff, Neff tó jẹ́ pé òun ló ti ń ṣáná fún Keyes láti ìbẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé ńkọ́? Akọ̀wé ni ẹni tó jókòó ti fáìlì. Lóòótọ́, Chandler ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí nílé iṣẹ́ epo rọ̀bì, wọ́n sì lé e ní 1932, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ là ń wí. James M. Cain ló ni ìwé tí wọ́n mú ìtàn wá láti inú rẹ̀. Charles Brackett, tó sábà máa ń bá Wilder kọ̀wé, kọ̀ ọ́ torí pé ìtàn náà rí i lára. Chandler gbà á, òun àti Wilder kò sì gbọ́ ara wọn yé títí iṣẹ́ fi parí. Chandler ló sọ pé ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì Cain dùn ún kà lójú ìwé, kò ṣeé sọ lẹ́nu òṣèré. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí gan-an nìyẹn. Cain ni òǹkọ̀wé. Àwọn méjì tó kù jẹ́ òǹkọ-eré, láìsí “ìwé” nínú rẹ̀, nítorí ẹnu ni wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Rózsa kò yanu kọrin. Aṣẹ̀dá-orin. N ò ní jà lórí ìyẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó dúró dáadáa, torí pé òun, Seitz, Barbara Stanwyck tó jẹ́ òṣèrébìnrin fíìmù náà, Wilder àti Chandler wà lára àwọn tí orúkọ wọn wọ ìdíje Oscar. Ọ̀nà 7 ni wọ́n ti yan fíìmù náà, kò sì mú ẹyọ kan wálé. Ẹ̀gbọ́n á nílò àwọn orúkọ yìí lẹ́ẹ̀kejì níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà òṣèré sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dá-ìtàn. Barbara Stanwyck ni òṣèré. Phyllis Dietrichson ni ẹ̀dá-ìtàn. Edith Head ló ṣètò aṣọ rẹ̀. Wíìgì aláwọ̀ wúrà tí wọ́n dé sí i lórí, Wilder ló fẹ́ ẹ, ọ̀gá kan ní Paramount sì ṣàròyé pé òun sanwó fún Stanwyck, George Washington ni wọ́n gbé wá fóun. Fún irú obìnrin bíi Phyllis, ẹ̀gbọ́n kọ “obìnrin búburú”. Ó gbẹ jù. A ti ní apanimáyọdà nílé. Ẹnìkan ti já mi ní koro pé Phyllis yọ ìbọn, ó sì yìn ín lu Neff. Òótọ́ ni! Àmọ́ ọwọ́ ọlọ́wọ́ ló fi pa ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Neff ń pa ọkùnrin náà nínú ọkọ̀, ojú Stanwyck nìkan ni wọ́n fi hàn wá. Ó tẹjú mọ́ títì, ó ń wa ọkọ̀ lọ. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ apanimáyọdà, n ò mọ ohun tó jẹ́ ẹ.

Barton Keyes, tí Edward G. Robinson ṣe, máa ń ní ọkùnrin kúkúrú kan wà nínú òun tó ń yọ òun lẹ́nu bí ẹnìkan bá fẹ́ gba owó èrú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má túmọ̀ ọkùnrin kúkúrú. “Ara ń fu mí” ti tó o.

Ó ku àkọlé. “Adójútòfò Onílọ́po Méjì” tí ẹ̀gbọ́n kọ tọ̀nà lójú òfin: bí ọkọ bá kú nínú irú ìjàǹbá kan tó ṣọ̀wọ́n, bíi kó já bọ́ láti inú rélùwéè, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 dọ́là á di ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó là ń pè ní adójútòfò, owó kọ́. Àwọn Faransé pàápàá kò bá òyìnbó lọ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdójútòfò lórí ikú ni wọ́n pè é. Èmi á kọ Òfò Onílọ́po Méjì. Neff fúnra rẹ̀ sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ níbẹ̀rẹ̀ pé òun pààyàn torí owó àti torí obìnrin, owó kò sì tẹ òun lọ́wọ́, obìnrin kò tẹ òun lọ́wọ́. Ẹ ka iye òfò náà.

Ọ̀kan kù tí n kò rí ẹni tó fọwọ́ kàn. Chandler wà nínú fíìmù náà. Ó jókòó sórí àga níwájú ọ́fíìsì Keyes, ó ń ka nǹkan, Neff ń kọjá lọ, ó gbójú sókè wò ó. Kò sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì sí láàárín àwọn òṣèré. Kí la fẹ́ pe ìyẹn? Ìyọjú ni mo rí. Ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì làwọn ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó fi ránṣẹ́ kó tó dìgbà yẹn.