Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ètò ọmọ ogun táǹkì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ ìtàn orílẹ̀-èdè kan tí mo fọkàn dá, ètò àwọn ọmọ ogun táǹkì rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn. Odò pọ̀ níbẹ̀, afárá wọn ò sì lágbára, ni mo ṣe fún wọn ní T-72, táǹkì Soviet Union àtijọ́, tó wọ̀n bíi tọ́ọ̀nù 41, kì í ṣe Abrams, táǹkì Amẹ́ríkà, tó lé ní 60.

Ìlànà Soviet ló wù mí: táǹkì 3 nínú platoon (ẹgbẹ́ tó kéré jù), 10 nínú company (àwọn platoon mélòó kan pọ̀), 31 nínú battalion (àwọn company mélòó kan pọ̀). Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 4 nínú platoon, 14 nínú company. Àmọ́ bí ẹyọ kan bá bàjẹ́ nínú mẹ́ta, méjì péré ló kù. Èèyàn mẹ́ta náà ló sì ń wà nínú T-72, torí ẹ̀rọ ló ń ki ọta sínú ìbọn rẹ̀. Bí ṣéènì ẹsẹ̀ rẹ̀ bá já lẹ́nu odò, tí ọ̀tá ń yìnbọn, ọwọ́ mẹ́fà ò tó nǹkan.

Ṣé kí n sọ platoon di 4? Àwọn sójà tó ń tẹ́ afárá ńkọ́: inú battalion kọ̀ọ̀kan ni kí n fi wọ́n sí, àbí abẹ́ brigade, ẹgbẹ́ ńlá tó kó àwọn battalion pọ̀? Ọkàn mi fà sí battalion, ṣùgbọ́n owó ìjọba wọn ò pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe sójà rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.